Òkèlè Mẹ́ta ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ kò ti jẹ́ kí n sinmi. Ẹni tó bá wá gba aṣọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, yóò kọ́kọ́ fìdí lélẹ̀, yóò ní, "Ìyá Oníkúlà, báwo ni Òkè-Ògùn ṣe rí?" Mo dá àwọn kan lóhùn pé ó gbóná, mo dá àwọn mìíràn lóhùn pé ó jìnnà. Irọ́ kọ́ ni méjèèjì, àmọ́ mo mọ̀ pé n kò tíì sọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ kà á, kí ẹ sì jẹ́ kí n máa rán aṣọ mi.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Òde náà lẹ sọ mí ní Ìyá Oníkúlà. Bí ẹ bá ń sọmọ lórúkọ, bí ẹ bá ń ṣílé, èmi náà á wá, ṣùgbọ́n kúlà kékeré mi á wà lọ́wọ́ mi, oúnjẹ tèmi á wà nínú rẹ̀, èmi nìkan á sì jókòó síbi kan máa jẹ ẹ́. Ẹ ti ní mò ń ṣe fọ́ọ̀mù. Ẹ ti ní mi ò fọkàn tán yín. Fọ́ọ̀mù kọ́ o! Síléákì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Dókítà kan ní Ìbàdàn ló rí i lára mi lẹ́yìn tí mo ti lé lógójì ọdún. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa fà, gúlútìn lorúkọ rẹ̀, ìfun mi kò sì gbà á rárá. Búrẹ́dì, pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ṣín-ṣíìn, mítípáì, núdùùlù, sẹ̀mó, gbogbo wọn ti di èèwọ̀ fún mi. Kódà òróró tí wọ́n fi dín wọn lásán, ó tó láti dá mi dùbúlẹ̀. Ọmọ oníbúrẹ́dì sì ni mí! Ẹ wo bí ayé ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá mi, tí gbogbo yín mọ̀ sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò fẹ́ kí n lọ. Ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni bàbá mi. Ẹ̀yìn màmá mi ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé mi débẹ̀ kẹ́yìn, n kò sì rántí nǹkan kan. Lọ́jọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin sọ ọ́ lójú gbogbo agbo ilé pé ìyàwó yìí ń fi májèlé pa ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí àbúrò òun ti fẹ́ obìnrin Ìjẹ̀bú ló ti ń rù, tí inú ń yà á. Màmá mi di ẹrù wọn, bàbá mi tẹ̀ lé wọn, àwọn méjèèjì kò sì padà síbẹ̀ mọ́ láti ogójì ọdún ó lé. Ọdún kẹta rèé tí bàbá mi ti kú. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Nínú àwọn tó bá bàbá mi mu ọmú kan náà, ẹ̀gbọ́n yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọmọ wọn kí wọ́n tó kú. Mo fẹ́ kí wọ́n gbà lẹ́nu ara wọn pé màmá mi kò fún ẹnikẹ́ni ní májèlé. Ohun tí mo bá lọ nìyẹn, kò sí òmíràn.

"O ò gbé nǹkan kan síbẹ̀," ni màmá mi wí. "Bí o bá sì dé ọ̀hún, o ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan wọn."

"Mọ́mì, èmi wo ló ń jẹ nǹkan ẹnikẹ́ni?"

Wọn kò rẹ́rìn-ín.

Búrẹ́dì nínú mọ́tò

N kò ní fi ọ̀rọ̀ gáréèjì dá yín lágara. Mo wọ mọ́tò ní Ìbàdàn, ó tán. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ará Òkè-Ògùn kì í ti ìlú ńlá wọlé lọ́wọ́ òfo, búrẹ́dì ni wọ́n sì ń rà lọ sílé. Kò sí ẹni tí kò gbé búrẹ́dì mẹ́ta mẹ́rin sórí itan nínú ọkọ̀ náà, gbígbóná, tí ooru rẹ̀ ń mú kí ọ̀rá tí wọ́n fi dì í máa làágùn. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọkọ̀ kan. Kí n má purọ́ fún yín, omi bọ́ lójú mi. Òórùn ilé wa ni, òórùn ìgbà tí n kò tíì mọ ohun tó ń ṣe mí. Mo kọjú sí fèrèsé, mo ń ṣe bí ẹni tí eruku wọ̀ lójú.

Bàbá kan tó dé fìlà funfun jókòó tì mí, Alájì ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n fa búrẹ́dì kan ya. Wọ́n bù fún awakọ̀, wọ́n bù fún obìnrin tó wà lẹ́yìn, wọ́n wá na èyí tó dáa jù sí mi, àárín rẹ̀ tó rọ̀.

"Ẹ gbà, ìyá. Ọ̀nà jìn."

"Ẹ ṣeun gan-an, sà. N kì í jẹ ẹ́."

"Ẹ gbààwẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ara mi ni kò gbà á."

Alájì wò mí títí. "Búrẹ́dì? Búrẹ́dì tí wọ́n ń fún aláìsàn jẹ?"

Obìnrin ẹ̀yìn gbà á sọ. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, Alájì. Ayé ti bàjẹ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí nínú mọ́tò."

Bàbá náà rọra fa ọwọ́ wọn padà. Ojú tì wọ́n, ojú ti èmi náà. Wọn kò jẹ èyí tó kù, wọ́n dì í padà sínú ọ̀rá, wọn kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìsẹ́yìn. Ohun tí àìsàn yìí ń ṣe fún mi ju inú rírun lọ nìyẹn. Inú rírun á lọ tó bá yá. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ẹni tó nawọ́ oúnjẹ sí i pé kì í ṣe tìẹ, tìfun mi ni?

Wàrà Ìsẹ́yìn

Awakọ̀ ní ká sọ̀ kalẹ̀ jẹun ní Ìsẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń dín dùndú ni mo kọ́kọ́ lọ, nítorí iṣu kò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Àfi bí mo ṣe rí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tó ń yí bírí nínú agbada kan náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òróró kan náà lẹ fi ń dín méjèèjì?"

"Òróró mélòó lẹ fẹ́ kí n ní?" ni onídùndú dá mi lóhùn. "Àbí àwọn méjèèjì ń bára wọn jà ni?"

Gbogbo àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Mo wá rìn kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n lé.

Lẹ́bàá ọ̀nà lọ́hùn-ún, obìnrin Fúlàní kan jókòó ti igbá wàrà, iná kékeré àti páànù kékeré wà níwájú rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú wàrà náà. Ó ní mílíìkì màlúù, ó ní ewé bomubomu tó ń mú un dì, ó tán. Mo bi í bóyá ó ń fi òróró yẹn dín nǹkan mìíràn. Ó ní kí ni nǹkan mìíràn, òun wàrà lòun ń tà. Kò fi mí ṣẹ̀sín, kò sì bi mí nídìí. Ó dín in fún mi títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi pọ́n, ó wọ́n ata gbígbẹ àti iyọ̀ sí i, ó fi ewé gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jẹ méjọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, méjọ! Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún kẹ̀rẹ́kẹ̀rẹ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ rọ̀, omi rẹ̀ gbóná, ata rẹ̀ ń ta mí ní ètè. Ẹni tó ń jẹ gbogbo nǹkan kò lè mọ adùn ohun tí a jẹ láìbẹ̀rù. Mo jókòó sórí àpáta kékeré kan nítòsí rẹ̀, mò ń lá ọwọ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Ebi pa yín o," ni obìnrin náà wí.

"Kì í ṣe ebi," mo fèsì. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un, àmọ́ àwọn èrò ti ń wọ mọ́tò.

Lẹ́yìn Ìsẹ́yìn

Láti ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀. Àwa tí a dàgbà sínú igbó àti ìtàkùn, tí ọ̀pẹ àti kòkó ń bò lójú, a kì í rí ọ̀run tó báyẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Koríko gbígbẹ ló lọ títí, igi èmì kan níhìn-ín, igi igbá kan lọ́hùn-ún, òkúta ńlá tó dá dúró láàárín pápá. Lórí àpáta tó wà létí ọ̀nà, wọ́n sá gbódó sílẹ̀ rẹpẹtẹ, iṣu tí wọ́n bọ̀ láti fi ṣe èlùbọ́. Mo wò ó, mo ní, ìlú tí wọ́n ti ń jẹ iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà, ìlú ìfun mi nìyí. Inú mi dùn díẹ̀.

Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá ti dúró báyìí, àwọn ará ilé wọn á sáré wá, wọ́n á gba búrẹ́dì, ariwo á sọ. Ní Àgọ́-Àrẹ ni Alájì sọ̀. Wọ́n ní, "Ó dàbọ̀ o, ìyá," ṣùgbọ́n wọn kò wo ojú mi. Nígbà tí a ó fi dé Ṣakí, èmi àti awakọ̀ ló kù. Ọ̀kadà ló gbé mi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ọlọ́kadà bi mí pé ọmọ ta ni mí níbẹ̀. Mo dárúkọ bàbá mi. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dúró bi bàbá àgbàlagbà kan lábẹ́ igi, ìyẹn náà kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo dárúkọ Ìyá Lámídì, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni wọ́n tó nawọ́ sí ọ̀nà. Wọ́n ti gbàgbé bàbá mi pátápátá nílùú rẹ̀.

Agbo ilé

Sìdíkátù, ìyàwó Lámídì, ló kọ́kọ́ rí mi. Òun la jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti ọjọ́ tí mo ti ń wá bí n ó ṣe wá. Ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, ọkọ mi!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Ta ni ọkọ rẹ̀? Àṣé èmi ni. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ọkọ ni fún ìyàwó tí wọ́n fẹ́ wọlé. Èmi tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá mi lójú títì, ẹnìkan kúnlẹ̀ pè mí ní ọkọ. Mo dì í mú, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Ó tó, ọkọ mi. Ìyá ń retí yín."

Ìyá Lámídì jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Èèyàn kékeré ni wọ́n, wọ́n ti gbẹ, àmọ́ ojú wọn mú ṣáṣá. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọn kò yára.

"O jọ Àjàní," ni wọ́n wí níkẹyìn. Àjàní ni oríkì bàbá mi. "Ìyẹn ńkọ́? Ó ṣì wà?"

"Màmá mi wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín."

Irọ́ ni mo pa. Ìyá Lámídì náà mọ̀ pé irọ́ ni.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Sìdíkátù, gbé oúnjẹ wá fún àlejò."

Àlejò. Ó dùn mí dé egungun.

Òkèlè mẹ́ta

Abọ́ kan ṣoṣo ni Sìdíkátù gbé wá. Ìyá Lámídì ti pàṣẹ pé àwọn àti èmi la ó jọ jẹ ẹ́. Òkèlè rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ọbẹ̀ ilá àti ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Lámídì fọwọ́, wọ́n bù ú, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì lanu kí n rí i pé ó ti lọ.

"O rí i? Mo ti kọ́kọ́ jẹ."

Ó yé mi. Ogójì ọdún ló wà nínú òkèlè kan yẹn. Obìnrin náà ń fi hàn mí pé kò sí nǹkan kan nínú oúnjẹ wọn. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ lọ́nà tiwọn. Ojú wo ni mo fẹ́ fi bi wọ́n pé kí lẹ fi ro ó? Mo wo òkèlè náà, mo ní nílẹ̀ oníṣu, kí ni ì bá tún pupa bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe èlùbọ́? Mo bù ú. Èkíní wọlé. Ìyá Lámídì ń wò mí, ojú wọn ti ń rọ̀. Mo bu èkejì, ẹran ìgbẹ́ náà dùn. Ẹ̀kẹta ni mo fà láti inú abọ́, ó sì fà. Ó fà bíi gọ́ọ̀mù. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni mí, mo mọ ohun tó ń fà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti gbé e dé ọ̀fun kí ọkàn mi tó sọ ọ́.

"Sìdíkátù, èlùbọ́ wo lèyí?"

"Èlùbọ́ kẹ̀, ọkọ mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn. "Wíìtì ni. Ṣebí ẹ ní dókítà ní kí ẹ máa ṣọ́ oúnjẹ. Ìyá ní ẹni tí dókítà bá ti ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ni, wíìtì ni wọ́n sì ń ní kí wọ́n máa jẹ. Wọ́n rán mi dé Ṣakí lọ ra àlìkámà. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sẹ́rọ. Ìyá ló fọwọ́ ara wọn rò ó."

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni nínú yín tí kò ní se wíìtì fún aláìsàn tí dókítà ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀? Èmi ni mo jẹ̀bi. Lórí fóònù, Sìdíkátù bi mí pé kí ni n kì í jẹ. Ojú ń tì mí láti máa ka ẹjọ́ ìfun mi fún ẹni tí n kò tíì rí. Mo kàn ní, "Àìsàn kékeré kan ni, dókítà ní kí n máa ṣọ́ ohun tí mò ń jẹ."

Mo yọ ọwọ́ mi kúrò nínú abọ́. Mo tì í bọ inú omi.

Ìyá Lámídì dúró, òkèlè wà lọ́wọ́ wọn. "O fọwọ́."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kì í ṣe pé..."

"Mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lójú ẹ. O ṣì fọwọ́." Ohùn wọn kò le, ìyẹn gan-an ló pa mí. "Ìyá ẹ kọ́ ẹ dáadáa."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n já kọ́tìnnì bo ẹnu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mò ń ka ọ̀rọ̀ gúlútìn àti ìfun fún kọ́tìnnì. Tẹ̀sùbáà nìkan ni mò ń gbọ́ tó ń dún nínú yàrá. N kò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Lórí ẹní

Kí wọ́n tó pe ìrun àásárì, ó ti dé. N kò ní rò ó fún yín bó ṣe rí, nítorí ẹlòmíràn ń jẹun lọ́wọ́ bó ti ń kà á. Mo bì títí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́, mò ń lọ mò ń bọ̀ láti ilé ìyàgbẹ́, inú mi wú bí inú aboyún. Sìdíkátù dì mí lápá mú.

"Ọkọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má kú síbí. Wọ́n á ní Ìyá ló ṣe yín."

Ẹ ò rí nǹkan! Orí ẹní ni mo wà, ẹjọ́ ogójì ọdún ti fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ pe màmá mi, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ, mo bá fi fóònù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, kọ́tìnnì sún. Ìyá Lámídì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo inú mi tó wú. Wọ́n wo ojú mi tó ti jìn wọnú. Wọ́n wò mí bí ẹni tó rí òkú tó jí.

"Ṣé ẹnu ẹ máa ń bó nínú?"

"Ó máa ń bó, mà."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń ta ẹ́ bí abẹ́rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe lórí ẹní. "Láìláhà ìlàláhù. Àìsàn Àjàní nìyí."

Wọ́n wá ń sọ ọ́, wọn kò wò mí. Wọ́n ní Ìbàdàn ni bàbá mi ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, tí màmá mi ń ta búrẹ́dì. Bàbá mi rù títí wọ́n fi lọ gbé e wálé. Wọ́n fún un ní ẹ̀kọ bàbà, wọ́n fún un ní iyán àti wàrà, kò tó oṣù méjì tó fi sanra, tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sóko. Ìgbà yẹn ni màmá mi wá wò ó, èmi lẹ́yìn wọn, búrẹ́dì mẹ́fà lórí wọn. Bàbá mi jẹ odindi kan nítorí ayọ̀.

"Kí oòrùn tó yẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yìí ló wà. Mo fojú mi rí i. Ilé wa ó sanra, ọ̀dọ̀ ìyàwó ó rù. Kí ni ìwọ ì bá ti pè é?"

Ìgbà yìí ni wọ́n tó wò mí.

"Ta ló ro èyí tí o jẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Kí ni mo bù sí i?"

"Ẹ ò bu nǹkan kan sí i, Ìyá."

"N kò bu nǹkan kan sí i," ni wọ́n tún wí, bí ẹni tó ń búra níwájú adájọ́. "Òun náà kò bu nǹkan kan sí i nígbà náà."

Mo sọ fún wọn pé dókítà ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ìdílé, àmọ́ kò sí ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi wò, n kò lè búra. Ìyá Lámídì mi orí. Wọ́n ní ọmọdé ṣubú ó wo iwájú, àgbà ṣubú ó wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn làwọn ń wò yìí, ohun tó gbé àwọn ṣubú sì ti ń hàn sí àwọn.

Ọlọ

Ẹ̀kọ bàbà ni wọ́n fi gbé mi dìde. Ọjọ́ kẹrin, mo ti lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Lámídì bi mí pé kí ni mo fẹ́ jẹ, nǹkan tí mo kàn fẹ́ jẹ ẹ́ fún adùn. Ẹ gbọ́ ná, kò sí ẹni tó ti bi mí ní ìbéèrè yẹn láti ìgbà tí mo ti ń ṣàìsàn yìí. Ohun tí n kò gbọdọ̀ jẹ ni gbogbo ayé ń bi mí. Mo ní àádùn.

Sìdíkátù yan àgbàdo gbígbẹ nínú ìkòkò títí tó fi pọ́n tó ń ta sánsán. Ó gbé e, ó fẹ́ lọ lọ̀ ọ́.

"Níbo?" ni Ìyá Lámídì bi í.

"Ibi ẹ̀rọ, mà."

"Ẹ̀rọ tí o fi lọ àlìkámà? O fẹ́ pa á tán ni?"

Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọlọ àwọn wá, èyí tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn, tí kò tíì gbọ́ orúkọ àlìkámà rí. Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ̀ ọ́, wọ́n kọ̀. Sìdíkátù bẹ̀ wọ́n, wọ́n lé e. Ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé tẹ̀ ba ọlọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n tún ń lọ̀ ọ́. Àwọn tó ń kọjá ń bi wọ́n pé Ìyá, ṣé ẹ̀rọ bàjẹ́ ni. Wọ́n ń ní ẹ máa bá tiyín lọ.

Nígbà tó kúnná, wọ́n fi epo pupa, iyọ̀ àti ata pò ó, wọ́n dì í sínú ewé. Wọ́n tú ọ̀kan sílẹ̀ láàárín wa. Ọwọ́ mi bọ̀ ọ́, ọwọ́ wọn bọ̀ ọ́. Àádùn náà yọ́ mọ́ mi lẹ́nu, ó ń ta díẹ̀, epo rẹ̀ tuntun, èéfín àgbàdo yíyan wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò gbé kúlà. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè òróró. Mo jẹun nínú ewé kan náà pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ̀rù kò sì bà mí.

"Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n pè mí. "Jẹun, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sí ẹni tó fún mi lóríkì rí. Mo tẹrí ba, mo ń jẹ àádùn pẹ̀lú omijé.

Fóònù

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ máa bọ̀, Ìyá Lámídì ní kí n pe ìyá mi. Mo pè wọ́n, mo tẹ ohun tó ń jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Ṣé o ti kúrò níbẹ̀?" ni màmá mi kọ́kọ́ bi mí.

"Mọ́mì, Ìyá Lámídì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Màmá mi kò pa fóònù.

"Ìyàwó," ni Ìyá Lámídì wí. "Mo purọ́ mọ́ ẹ. N kò mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ irọ́ ni. Búrẹ́dì lásán ni. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èmi náà ti ro oúnjẹ fún ọmọ ẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, n kò sì bu nǹkan kan sí i."

Kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú fóònù. Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó ló ń kúnlẹ̀ fún ará ilé ọkọ. Láyé yìí, n kò tíì gbọ́ ọ rí pé ará ilé ọkọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó, áńbọ̀ńtórí àgbàlagbà tó báyẹn. Sìdíkátù figbe ta, ó kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Mọ́mì," mo ní, "wọ́n ti kúnlẹ̀ o."



"Gbé wọn dìde," ni màmá mi wí. "Àgbà ni wọ́n. Gbé wọn dìde, Mojí."

Mo gbé wọn dìde. Màmá mi tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí ni wọ́n fi sọ ọ́.

"Bàbá ẹ tẹ̀ lé mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé yìn ín. Wọ́n ní ọkọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n títí bàbá ẹ fi kú, kò sí ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ wò mí lójú kó tó bù ú. Lójoojúmọ́. Á jẹ ẹ́ o, àmọ́ á kọ́kọ́ wò mí. N kò sọ fún ẹ rí."

Ìyá Lámídì fi ìborùn bojú.

"Ẹ ti wá mọ̀ báyìí," ni màmá mi wí. "Ìwọ mọ̀, àwọn náà mọ̀. Bàbá ẹ ńkọ́? Ta ni yóò lọ sọ fún un?"